Ìjáfara Léwu: Ìtàn Bí A Ti Ń Gba Ẹ̀mí Là ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ìjáfara léwu. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ti wúwo tó, kí ó lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ní òru, kí ó sì wo ojú bàbá tí ó gbé ọmọ rẹ̀ dé. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí dókítà yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Láti ìgbà wo ni?" Ìtàn tí a fẹ́ sọ wà nínú ìbéèrè yìí. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé wa ọ̀wọ́n, a fẹ́ bá yín wádìí bí àwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ti ń gbé ẹni tí ewu òjijì bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè wò ó sàn, láti ìgbà tí a ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà títí di ìgbà tí ọkọ̀ aláìsàn ń dún fèrè lójú pópó. A ó rí i pé ọkọ̀ ti yí padà, ọ̀nà ti yí padà, òfin pàápàá ti yí padà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ń kọ́kọ́ kan ẹni tí ó ṣubú kò tíì yí padà. Ọwọ́ aládùúgbò ni.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ìlú méjèèjì wà. Ìkòròdú wà ní ìhà àríwá ọ̀sà Èkó. Ẹ̀pẹ́ náà wà ní etí ọ̀sà, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí Èkó ju Ìkòròdú lọ, ní ìhà ìlà-oòrùn. Omi ni ọ̀nà àwọn baba wọn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, ojú omi ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà lọ, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ níkẹyìn. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Nígbà tí ogun Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, tí Gómìnà Glover sì rán ọmọ ogun láti Èkó lọ tú ìdótì náà ká ní 1865, ọ̀sà yìí kan náà ni wọ́n là kọjá. Ní 1892 ẹ̀wẹ̀, Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n.

Ọ̀nà omi yìí dára fún òwò. Epo, iṣu, ẹja àti aṣọ gba ibẹ̀ lọ sí ọjà Èjìnrìn, wọ́n gba ibẹ̀ lọ sí Èkó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó rọrùn fún ẹrù lè ṣòro fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ẹrù lè dúró de afẹ́fẹ́; ẹ̀jẹ̀ kò lè dúró. Ní 1893 ni ilé ìwòsàn gbogbogbò ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀dán, ní erékùṣù Èkó. Ilé rere ni, ó sì wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sàn. Afárá Carter tí a parí ní 1901 so erékùṣù náà pọ̀ mọ́ Ìddó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ti ìhà ibẹ̀ wá rí ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n fún ará Ìkòròdú àti ará Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà ṣì wà láàárín aláìsàn àti ibùsùn ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo bí ọ̀ràn ti rí fún wọn. Àgbẹ̀ kan wà ní oko ní ìgbèríko Ìkòròdú, igi wó lù ú ní ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ yóò pọ̀n ọ́n, bí ó bá sì wúwo, wọn yóò tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀kùn tàbí sínú aṣọ tí a so mọ́ ọ̀pá gígùn, ọkùnrin mẹ́rin yóò gbé e. Bí wọ́n bá pinnu láti gbé e lọ sí Èkó, wọ́n ní láti wá ọkọ̀, kí wọ́n wá ẹni tí yóò tukọ̀, kí wọ́n sì wo ojú ọ̀run. Bí ìjì bá ń jà, wọn yóò dúró. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dúró di òwúrọ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì gúnlẹ̀ ní Èkó, kò sí ẹni tí ń retí wọn ní èbúté. Wọn yóò tún gbé e láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹni tí ó jókòó tì í nínú ọkọ̀ ni dókítà rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ nǹkankan nípa ìṣègùn.

A kò sọ èyí láti fi àwọn baba wa ṣẹ̀sín. Wọ́n ní oníṣègùn tí ó mọ ewé àti egbò. Wọ́n ní àwọn tí ń to eegun, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń tọ̀ lọ títí di òní. Wọ́n ní àwọn ìyá àgbà tí ń gbẹ̀bí. Àwọn wọ̀nyí ní ohun kan tí ilé ìwòsàn Ọ̀dán kò ní: wọ́n wà nítòsí. Bí a bá ké sí wọn, wọ́n ń dé kí omi tó gbóná lórí iná. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ya lára obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, tàbí nígbà tí ọgbẹ́ bá wọ inú ikùn, agbára wọn mọ níwọ̀n. Nítorí náà ọ̀ràn tí àwọn baba wa bá jà lórí ọ̀sà ni ọ̀ràn tí gbogbo ayé bá jà: báwo ni a ó ṣe mú kí ìmọ̀ tí ó jìnnà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣubú nítòsí, kí ẹ̀mí tó bọ́?

Nínú ogun ni àwọn ará Yúróòpù ti kọ́kọ́ rí ìdáhùn kan. Dókítà ọmọ ogun Faransé kan wà tí ń jẹ́ Dominique-Jean Larrey. Ní ìgbà tirẹ̀, àwọn tí ó gbọgbẹ́ a máa sùn sí ojú ìjà títí ogun yóò fi parí, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì kú kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní àwọn ọdún 1790, Larrey ṣe kẹ̀kẹ́ fífúyẹ́ tí ẹṣin ń fà, ó sì ní kí wọ́n sáré lọ gbé àwọn tí ó gbọgbẹ́ nígbà tí ìjà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ó tún pa á láṣẹ pé kí a máa tọ́jú ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ burú jù ṣáájú, ìbáà ṣe ọ̀gágun ni tàbí ọmọ ogun lásán. Ìlànà méjì yìí, pé kí ọkọ̀ lọ bá ẹni tí ó ṣubú, àti pé kí ọgbẹ́ ṣáájú oyè, ni ilé ìwòsàn gbogbo ayé ń tẹ̀lé títí di òní.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ènìyàn rí i pé ọkọ̀ nìkan kò tó. Ní 1877 a dá ẹgbẹ́ St. John Ambulance sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ àwọn ènìyàn lásán, àwọn òṣìṣẹ́ inú kòtò èédú àti ti ojú irin, bí a ti ń di ọgbẹ́ àti bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ní oṣù kọkànlá 1935, iná jó ilé kan ní òpópónà Wimpole ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin márùn-ún sì kú. Aládùúgbò kan ti gbé tẹlifóònù láti pe àwọn panápaná, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sí orí ìlà kí ó máa dúró de àyè tirẹ̀. Inú bí i, ó sì kọ̀wé sí ìwé ìròyìn. Ìbínú ọkùnrin yìí wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba ya nọ́ńbà 999 sọ́tọ̀ ní 1937, kí igbe ẹni tí ó wà nínú ewu má ṣe dúró lẹ́yìn igbe ẹni tí ó fẹ́ béèrè iye owó ọjà.

Ìgbésẹ̀ kan tún kù: kí a mú ìwòsàn wọ inú ọkọ̀. Ní 1966, Dókítà Frank Pantridge ní ìlú Belfast gbé ẹ̀rọ tí ń ta ọkàn jí sínú ọkọ̀, ó sì rán an lọ bá àwọn tí ọkàn wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ nínú ilé wọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Freedom House kó àwọn aláwọ̀ dúdú jọ láti àdúgbò àwọn tálákà, àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ pé kò sí ohun tí wọ́n lè dà. Dókítà Peter Safar kọ́ wọn bí a ti ń mú kí ẹni tí kò mí tún mí, àti bí a ti ń tọ́jú ọgbẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré lọ. Kí wọ́n tó dé, ọkọ̀ ọlọ́pàá ni ó ń kó aláìsàn ní ìlú náà, láìsí ìtọ́jú kankan lójú ọ̀nà. Títí di 1975 ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà, àwọn ìlú mìíràn sì wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé àwọn ènìyàn dúdú wà lára àwọn tí ó kọ́ Amẹ́ríkà ní iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún ogún, ọ̀nà mọ́tò la Ìkòròdú já láti Èkó, ó sì gba Ṣàgámù lọ sí Ìbàdàn. Omi tí ó ti pín wa níyà kò tún jẹ́ ìdènà bí ti àtijọ́. Ẹni tí ó ń lo ọjọ́ kan lórí ọ̀sà lè wọ ọkọ̀ akẹ́rù kí ó sì dé Èkó kí oòrùn tó mú. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ bọ́ sínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba sì wà ní ìlú méjèèjì nígbà tí ó yá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó mú ìwòsàn súnmọ́ wa ni ó tún mú ewu tuntun wá. Mọ́tò pọ̀, eré sísá pọ̀, ìjàǹbá sì pọ̀. Ní 1977, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ṣe agbátẹrù ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, òun náà sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti dá àwọn awakọ̀ lẹ́kun, àti láti gbé àwọn tí ó farapa. Nọ́ńbà 122 ni a fi ń pè wọ́n.

Ní 2001 ni Ìpínlẹ̀ Èkó dá ẹgbẹ́ ọkọ̀ aláìsàn tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní LASAMBUS. Ọdún náà ni ilé ìwòsàn gbogbogbò ti Ìkẹjà di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó. Kò pẹ́ rárá tí ìdánwò ńlá fi dé. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní 2002, ibi tí àwọn ológun kó àdó olóró sí ní Ìkẹjà gbiná, ó sì bú gbàmù. Àwọn tí ó kú lé ní 1,000. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn kò kú nípa àdó náà. Wọ́n ń sá lọ nínú òkùnkùn, wọn kò mọ ibi tí ewu wà àti ibi tí kò sí, wọ́n sì kó sínú omi ní ìhà Òkè-Àfà, ibẹ̀ ni wọ́n rì sí. Bí ọkọ̀ aláìsàn tilẹ̀ pọ̀ bí eṣú, kò lè gba ẹni tí kò rí ẹni sọ fún un pé kí ó dúró sí ojú kan. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ dá àjọ LASEMA sílẹ̀, kí ó lè máa so gbogbo àwọn tí ń gba ẹ̀mí là pọ̀ mọ́ ara wọn: panápaná, ọlọ́pàá, ọkọ̀ aláìsàn àti ilé ìwòsàn.

Báwo ni iṣẹ́ náà ti ń lọ ní òde òní? Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, ẹni tí ó rí i yóò pe 112 tàbí 767 láìsan owó. Ẹni tí ó dáhùn yóò béèrè ibi tí ó ṣẹlẹ̀, irú ohun tí ó ṣẹlẹ̀, àti iye ènìyàn tí ó farapa. Òun ni yóò ránṣẹ́ sí ọkọ̀ aláìsàn tí ó súnmọ́ ibẹ̀ jù, nítorí a fi àwọn ọkọ̀ náà sí oríṣiríṣi ibùdó káàkiri ìpínlẹ̀, a kò kó gbogbo wọn jọ sí Ìkẹjà. Nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ tí a kọ́ ní ìtọ́jú pàjáwìrì wà nínú ọkọ̀. Wọn yóò dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọn yóò fún aláìsàn ní afẹ́fẹ́ bí èémí rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, wọn yóò sì di ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́ kí eegun má ba à gún ẹran ara. Ilé ìwòsàn gbogbogbò ti Ìkòròdú tàbí ti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n lè gbé e lọ, tàbí ti Ìjẹ̀dẹ̀ tàbí ti Àgbówà. Bí ọ̀ràn bá ju ti ibẹ̀ lọ, a ó tún gbé e lọ sí Ìkẹjà. Ní ẹnu ọ̀nà, nọ́ọ̀sì yóò wo gbogbo àwọn tí a gbé dé, yóò sì yà wọ́n sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbẹ́ wọn ti le tó. Òfin Larrey ni ó ń tẹ̀lé, bí kò bá tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Larrey rí.

Ẹ kíyèsí i pé okùn onífọ́nrán púpọ̀ ni èyí. Bí ẹni tí ó rí ìjàǹbá kò bá pè, bí ẹni tí ó pè kò bá lè dárúkọ ibi tí ó wà, bí ọkọ̀ kò bá rí ọ̀nà kọjá láàárín sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, bí kò bá sí ibùsùn ní ilé ìwòsàn, okùn já. Nígbà ìkànìyàn 2006, a ka ènìyàn 535,619 ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú, a sì ka 181,409 ní ti Ẹ̀pẹ́. Ìlú méjèèjì ti gbòòrò gidigidi láti ìgbà náà. Ní Ìkòròdú, èrò ni ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ aláìsàn. Ní ìgbèríko Ẹ̀pẹ́, jíjìnnà abúlé sí abúlé ni. Ní àwọn abúlé etí ọ̀sà kan, ọkọ̀ ojú omi ṣì ni ó ń kọ́kọ́ gbé aláìsàn, gẹ́gẹ́ bí ti ìgbà Kòsọ́kọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí ó ń já okùn yìí ju jíjìnnà lọ, èyí ni ìbẹ̀rù. Òfin 1984 kan pa á láṣẹ pé kí ilé ìwòsàn tí ó bá tọ́jú ẹni tí ìbọn bà fi tó ọlọ́pàá létí lójú ẹsẹ̀. Òfin náà kò ní kí a má tọ́jú ẹni náà. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ó di àṣà pé kí a béèrè ìwé ọlọ́pàá kí a tó fọwọ́ kan aláìsàn, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dà nígbà tí a ń wá ìwé. Àwọn tí ń kọjá náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé bí wọ́n bá gbé ẹni tí ó farapa, a ó mú wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 wá sọ ọ́ kedere pé ilé ìwòsàn kan tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ó wà nínú pàjáwìrì, ohun yòówù kí ó jẹ́ ìdí. Ẹni tí ó bá kọ̀ lè san 100,000 náírà, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ní 2017 ni a ṣe òfin ti ẹni tí ìbọn bà. Ó ní kí gbogbo ilé ìwòsàn gba irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìbáà ní ìwé ọlọ́pàá tàbí kò ní, ìbáà ti san owó tàbí kò tíì san. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kí wọ́n sì fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì. Ó tún ní ojúṣe gbogbo ènìyàn ni láti ran ẹni náà lọ́wọ́. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n òfin tí a kò mọ̀ dà bí àtùpà tí a tàn sínú àpótí. Mélòó nínú wa ni ó ti kọ́ ọmọ kan ní ilé-ìwé pé òfin yìí wà?

Àwa tí a ń kọ̀wé yìí kò ní ẹ̀tọ́ láti máa bá ẹlòmíràn wí láìjẹ́wọ́ tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ń bọ̀ láti ìsìn ìrọ̀lẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìtóìkín tí ó so Ìkòròdú pọ̀ mọ́ Ẹ̀pẹ́. Ọlọ́kadà kan ṣubú níwájú wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ sì ń tú jáde. Àwọn ènìyàn yí i ká. Àwọn kan na fóònù sókè, wọ́n ń ya àwòrán. Àwọn kan ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án kí ọlọ́pàá tó dé. Àwa náà dúró. Bíbélì wà lọ́wọ́ wa, aṣọ funfun wà lára wa, a ń gbàdúrà sínú, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kò ṣe nǹkankan, nítorí ẹ̀rù ń bà wá, a kò sì mọ ohun tí a ó ṣe. Ìyá kan tí ń ta gààrí ní ẹ̀bá ọ̀nà ni ó là wá kọjá. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a pọ̀, ó fi í tẹ ojú ọgbẹ́ náà, ó sì fi orúnkún ara rẹ̀ tì í. Ó yíjú sí wa, ó ní, "Bàbá ìjọ, ẹ bá mi pe ọkọ̀." Nígbà náà ni a tó rántí pé a ní fóònù. Ọkùnrin náà yè. A bi ìyá náà léèrè ibi tí ó ti kọ́ ohun tí ó ṣe. Ó ní ọmọ òun obìnrin tí ó wà ní ilé-ìwé ni ó fi han òun ní ilé, lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ wọn ní kíláàsì.

Láti ọjọ́ náà ni ìtàn ará Samáríà tí Olúwa wa sọ ti gba ìtumọ̀ mìíràn lọ́kàn wa. A ti wàásù lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n a kò tíì kíyèsí bí ó ti ṣe iṣẹ́ náà ní ẹsẹẹsẹ. Kò fi ọkùnrin náà sílẹ̀ kí ó lọ wá ẹlòmíràn. Ó kọ́kọ́ tọ́jú ọgbẹ́ níbi tí ó ti bá a. Lẹ́yìn náà ni ó gbé e sórí ẹranko tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mú un dé ilé tí ó lè gbà á. Ó sì san owó kí onílé má ba à lé e jáde. Ìtọ́jú, ọkọ̀, ilé, owó: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìjọba òde òní ń gbìyànjú láti pèsè. Àlùfáà àti ọmọ Léfì tí ó kọjá ní òdìkejì ọ̀nà lè jẹ́ ènìyàn rere. Bóyá ẹ̀rù ni ó bà wọ́n, bí ó ti bà wá ní ọ̀nà Ìtóìkín.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ohun tí a ń bẹ̀ yín kò gba owó púpọ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní nọ́ńbà 112 àti 767 bí ẹ ti ń kọ́ wọn ní ìsọdipúpọ̀. Ẹ kọ́ wọn láti lè sọ ibi tí wọ́n wà: orúkọ òpópónà, ibùdókọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí tàbí ọjà tí ó wà nítòsí. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe fi nọ́ńbà náà ṣeré, nítorí àwọn aláṣẹ ti kígbe lọ́pọ̀ ìgbà pé ìpè ẹ̀tàn ń dí ọ̀nà mọ́ ìpè òtítọ́. Ẹ kọ́ wọn pé ẹ̀jẹ̀ tí ń dà, aṣọ mímọ́ ni a ń fi tẹ̀ ẹ́ gírígírí, a kì í sì í ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí ó dákú, a kì í da omi sí i lẹ́nu. Ẹni tí wárápá mú, a kì í ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ohun tí ó lè ṣe é léṣe ni a ń kó kúrò lẹ́bàá rẹ̀, bí gìrì náà bá sì dáwọ́ dúró, a ó yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ó ṣubú láti orí ọkọ̀, tí ó ń ké ọrùn, a kì í fà á lọ́wọ́ fà á lẹ́sẹ̀, àfi bí iná tàbí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀ wá bá a. Ẹni tí kò jí, tí kò sì mí dáadáa mọ́, kí a pe ìrànlọ́wọ́, kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ, kí a fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé kíkankíkan, ní ìwọ̀n 100 sí 120 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ẹni tí a sì fà jáde nínú ọ̀sà, a kì í dà á délẹ̀ kí omi lè jáde. Èémí ni ó ṣe aláìní, èémí ni kí a kọ́kọ́ fún un láti ẹnu sí ẹnu, kí a tó máa tẹ àyà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ àgbàlagbà nìkan ni èyí. Gèlè tí ó gba ọlọ́kadà náà là, orí ìyá ni ó wà, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti wá. Àwọn baba yín jókòó ti aláìsàn nínú ọkọ̀ lórí ọ̀sà, wọn kò ní ohun tí wọ́n lè fún un ju omi àti àdúrà lọ. Ẹ̀yin ní nọ́ńbà tí ẹ lè pè, ẹ ní òfin tí ó dúró lẹ́yìn yín, ẹ sì ní ìmọ̀ tí a lè kọ́ ní ọ̀sán kan. Ẹ padà sí ilé ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ fi han ìyá yín bí a ti ń tẹ ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, kí ẹ sì kọ 112 àti 767 sí ara ògiri níbi tí gbogbo ará ilé yóò ti máa rí i.